Ahọ́n Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Morónkẹ́

Rárá o, Màmá, mi ò jókòó. Kì í ṣe ìjókòó ni mo bá wá láti Ìgàndó dé Ẹ̀gbẹ́dá nínú oòrùn ọ̀sán yìí, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, tí mi ò dúró gba àdúrà ìkẹyìn lẹ́nu pásítọ̀. Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, mà. Mo ti kí yín, ẹ má ní mi ò kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n dúró báyìí, torí bí mo bá jókòó, ẹkún ló máa gbé mi, mi ò sì fẹ́ kí Morónkẹ́ ọmọ yín gbọ́ ẹkún mi. Ó wà nílé. Ẹ má wulẹ̀ mirí sí mi, ó wà nílé! Ṣé kì í ṣe sálúbàtà rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn? A jọ rà á ní Ìkòtún ni, èmi mú pupa, òun mú aláwọ̀ ewé. Ó wà lẹ́yìnkùlé, òórùn ata tó ń dín ti ń wọ̀ mí nímú láti ìta. Kó máa gbọ́ mi! Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Háà, Morónkẹ́! Morónkẹ́ tí a jọ ń fi aṣọ kan bora nígbà tí òjò bá ká wa mọ́ ìdí iṣẹ́! Morónkẹ́ tó gbé Títí mi pọ̀n kí ìyá ọkọ mi tó fojú kàn án! Òun ló tọ́ ọbẹ̀ mi wò, tó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀jù nínú ẹ̀, tó wo ojú mi kòrókòró, tó ní ó ti dáa! Ẹ gbọ́ mi yé o, Màmá. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó mọ̀!

Ẹ ní kí n rọra? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ní kí n rọra. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wọ ilé yìí, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn mi lókè báyìí rí? Nígbà tí Bàbá kú, ta ló dúró nídìí ìkòkò níbí fún ọjọ́ mẹ́ta? Èmi Ìbíyẹmí ni. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè máa dúpẹ́ o. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé orí mi pé, pé mi ò kàn dédé wá pariwo lé yín lórí.

Ẹ̀yin náà mọ ẹnu géètì yunifásítì yẹn bó ṣe rí nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀. Igbó ni. Ìjọba ti pa ilé oúnjẹ ńlá tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ́bọ̀ jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran, kò sì sí ohun tí wọ́n rí jẹ mọ́ ju búrẹ́dì tó ti le àti ẹ̀pà lọ. Síró-wáànù-síró ni wọ́n ń pe ìjẹun tiwọn: àárọ̀ òfo, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀kan, alẹ́ òfo. Ọmọ ọlọ́mọ á máa bọ̀ láti kíláàsì, ṣòkòtò á máa já bọ́ nídìí rẹ̀. Èmi àti Morónkẹ́ la gbin igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, tí a da páànù bò ó, tí òun ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lápá kan, tí èmi ń gún iyán lápá kejì. Ìrẹsì rẹ̀ dùn, mi ò ní torí ìbínú parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago kan ọ̀sán tí odó mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Oǹdó tí ara rẹ̀ balẹ̀ mọ́ nínú ọgbà yẹn. Àwọn olùkọ́ gan-an, àwọn tó ní dókítà níwájú orúkọ, wọ́n á ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, wọ́n á jókòó ti àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní òdo láàárọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, gbogbo wọn á máa lá ọwọ́. Ìyá Oníyán! Ìyá Oníyán! Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ibẹ̀ náà ni mo sọ fún yín nígbà ọdún tuntun pé wọ́n ti kó lẹ́tà wá. Wọ́n fẹ́ mọ ògiri yí ilé-ẹ̀kọ́ ká, gbogbo wa tó wà lẹ́nu géètì gbọ́dọ̀ kó kúrò kí oṣù kẹta tó parí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ fún ọmọ yunifásítì, inú kàǹtínì tuntun ni kó ti tà á, kàǹtínì náà kò sì ju ojúùtà mẹ́rin lọ, àyè ìtajà mẹ́rin péré. Wọ́n ti fi ọ̀kan fún onítíì àti búrẹ́dì, wọ́n fi ọ̀kan fún alákàrà àti onímóínmóín, wọ́n fi ọ̀kan fún onírẹsì kan tí wọ́n mú wá láti Akówónjò. Olókèlè, oníyán tàbí ẹlẹ́bà, nìkan ló kù. Ojúùtà kan ṣoṣo, Màmá! Mo sunkún lọ́jọ́ náà nítorí Morónkẹ́. Ẹ fi etí sí i o, nítorí Morónkẹ́ ni mo ṣe sunkún, torí pé wọ́n ti fún onírẹsì mìíràn ní àyè tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń pa mí lẹ́kún mọ́ra. Ó ní, "Ìyá Títí, dákẹ́. Olókèlè ni wọ́n ń wá, ìwọ ni ibẹ̀ tọ́ sí. Èmi ò tiẹ̀ ní gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n Olúbọ̀dé ti ní kí n máa bọ̀ wá bá òun ta aṣọ ní Àgbàdo." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ o! Aṣọ o! Ó tiẹ̀ bi mí pé irú aṣọ wo ni mo rò pé ó máa yá tà.

Wọ́n wá ní ìdánwò ni àwọn máa ṣe fún wa. Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ, ó pe gbogbo wa jọ. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan àti òkèlè wá sí gbọ̀ngàn ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Kò sí orúkọ lára ìkòkò, nọ́ńbà ni. Àwọn márùn-ún ló máa tọ́ ọ wò: olùkọ́ méjì, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá dùn jù ló gba ojúùtà. Inú mi dùn dé inú egungun. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀gúsí bá mi du nǹkan? Ẹ̀gúsí tí ìyá mi fi tọ́ ọmọ mẹ́fà ní Ìkàrẹ́, tí wọ́n máa ń lọ̀ pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, tí wọ́n á máa ṣù ú sínú ata tó ń hó, tí wọ́n á dé e pa, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi ṣíbí kàn án títí á fi dì!

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ilẹ̀kùn tí mò ń kàn yìí, ààwẹ̀ ló máa ṣí i. Ni mo bá gba ọlọ́jọ́ mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Sátidé, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Omi gan-an ò gbọdọ̀ kan ahọ́n mi. Ẹ ní kí ló dé tí mo fi Sátidé kún un? Màmá, torí Sátidé náà ni mo ṣe gbà á! Kí n wá ṣínu lọ́jọ́ ogun gan-an? Sìkírátù tó ń gbé yàrá kejì sí mi ló kọ́kọ́ kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá Títí, alásè ni ọ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa, tí alásè bá ń gbààwẹ̀, ó lè fi orí ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kó tu ú dànù, kò sẹ́ṣẹ̀ ńbẹ̀." Mo lọ bi pásítọ̀. Pásítọ̀ ní ohun tó bá ti kan ahọ́n ti kan ààwẹ̀. Mo padà lọ sọ fún Sìkírátù pé ti wọn ni tiwọn, tiwa ni tiwa. Ó wò mí, ó ní kí Ọlọ́run gbà á.

Ọkọ mi kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá Títí tí mo bá fi omi ìfọṣọ sínú àwo fún un, á ní "Ó dáa, Ìyá Títí, ẹ ṣeun." Ogún ọdún ni mo fi ń se oúnjẹ fún ọkùnrin yẹn, kò tíì sọ pé nǹkan kan dùn ju òmíràn lọ rí. Tíṣà ni, ìwé ni ahọ́n rẹ̀ mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ti lọ sí Ayọ̀bọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń da ìpìlẹ̀ ilé wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú kọnkéré. Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi ọkọ ṣe níbi tí Morónkẹ́ wà? Láti ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbààwẹ̀, ta ló ń tọ́ ọ wò fún mi? Òun ni. Tí òun náà bá ń gbààwẹ̀, èmi ni mò ń tọ́ tirẹ̀ wò. Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ahọ́n kan la jọ ń lò, Màmá.

Ó dé ní aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé. Mo ti bọ ẹran, mo ti gbé ata kaná, ojú mi ń ṣú, ilẹ̀ ń yí mi. Ọjọ́ kẹta, kò sómi, kò sóúnjẹ, mo sì tún ní iṣu mẹ́fà tí mo fẹ́ gún! Ibẹ̀ ni mo ti fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ara mi ni. Mo fi sí i nígbà tí mo da omi ẹran sí i, mo gbàgbé, mo tún bu iyọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀gúsí dì. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi pín ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe torí ẹ̀ la ṣe ń pe ẹlòmíràn kó tọ́ ọ wò ni? Ṣé alásè tí kò lè ṣàṣìṣe ni wọ́n máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún?

Ó bu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Ó lá a. Ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá, ó pẹ́ kó tó la ojú yẹn. Mo ní, "Ó ńkọ́?" Ó ní, "Ó ti dáa, Ìyá Títí." Mo ní, "Iyọ̀ ẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án mọ́." Má fọwọ́ kàn án mọ́! Ó ní kí n má fọwọ́ kan ọbẹ̀ tó yẹ kí n bu omi sí, kí n fi ata sí, kí n ṣe é lọ́nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá! Àkókò wà nílẹ̀, ata wà nílẹ̀, ẹ̀gúsí wà nílẹ̀! Ó tiẹ̀ bá mi fi aṣọ wé ìdí ìkòkò, ó bá mi gbé e sẹ́yìn tàkísí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Mo ní àmín. Èmi òmùgọ̀ yìí ṣe àmín, mo tún fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́!

Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ fún nọ́ńbà, kí àwọn tó máa tọ́ ọ wò tó wọlé, wọ́n dé orí méje, Ṣóbọ̀wálé pe Ìyáàfin Olúbọ̀dé. Mo yíjú wò yíká gbọ̀ngàn, mò ń wá Olúbọ̀dé mìíràn. Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá, Olúbọ̀dé mìíràn ni mò ń wá! Morónkẹ́ tó sìn mí débẹ̀ ti ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé pẹ̀lú kúlà tuntun, ó gbé ẹ̀bà, ó gbé ẹ̀gúsí. Ẹ̀gúsí mi! Onírẹsì tí kò tíì se ẹ̀gúsí fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo ayé rẹ̀, tó ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ọdún mẹ́sàn-án! Mo pè é. Mo ní "Morónkẹ́?" Kò gbójú sókè.

Wọ́n dé orí tèmi. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú un, ó fún ojú pọ̀, ó rọra fi àwo tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá kan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ méjì yẹn, Yésúfù ni wọ́n ń pè é. Ọmọ yẹn ti ń jẹ iyán mi láti ìgbà tó ti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀, ó mọ̀ pé tèmi ni, iyán mi kò fara pa mọ́ fún un. Ó gé òkèlè ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀, Màmá. Ó gbé e mì, ó mu omi kọ́ọ̀pù kan. Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. Ó mu ìkejì. Ó tún gé òkèlè mìíràn, ó fẹ́ràn mi, ó fẹ́ jẹ ẹ́ nítorí mi, kò lè ṣe é, ó mu ìkẹta. Ṣóbọ̀wálé ní, "Ìyá Oníyán, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọbẹ̀ yín?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ààwẹ̀ ni mò ń gbà." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di tábìlì mú. Alásè tó ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò oúnjẹ! Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ká ní ẹlòmíràn ni.

Títí di ìgbà yẹn, mi ò mọ ohun tó ṣe ọbẹ̀ náà o. Mo gbé e padà sílé, mo dúró tì í títí di aago mẹ́fà. Òun ni mo fi ṣínu. Mo bù ú kan ẹnu, ó bù mí ní ahọ́n jẹ. Iyọ̀! Iyọ̀ tí ọmọ ọdún méjì máa mọ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣíìnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, mò ń sọ fún ara mi pé bóyá ẹnu ààwẹ̀ ni. Mo pe Sìkírátù kó wá tọ́ ọ wò. Sìkírátù tọ́ ọ wò, ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ayé tó yé mi.

Nọ́ńbà méje ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ yín kò wá sílé mi láti ìgbà náà. Àní kó wá parọ́ fún mi, kó ní Èṣù ló ṣe é, kó ní òun ò mọ ohun tó gbé òun wọ̀, kò wá! Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n wó ibi tí a ti ń tà. Páànù tí èmi àti ẹ̀ jọ kàn, àwọn ọkùnrin méjì gbé e lọ bí ẹni gbé òkú. Mo gbé odó mi lé orí kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, Màmá, iṣẹ́ mìíràn wo ni mo mọ̀? Ta ni màá gún iyán fún nínú ilé oníyàrá méjì? Mo bá ara mi láàárọ̀ àná, aago mọ́kànlá, tí mo ti bó iṣu mẹ́ta kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó gbé mi wá síbí. Ní alẹ́ àná, Sìkírátù wọlé tọ̀ mí wá, ó ń họ orí, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n rán òun ni o, kí n má bínú sí òun. Morónkẹ́ ní kí n yá òun ní odó mi àti ọmọrí ẹ̀! Ó ní àwọn ọmọ ti ń béèrè bóyá iyán máa wà níbẹ̀, ẹ̀bà nìkan ò ní tó wọn, àti pé mi ò ṣáà lò ó mọ́. Mi ò ṣáà lò ó mọ́! Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ tí ẹ bí?

Ẹ má kúnlẹ̀, Màmá! Ẹ dìde! Kí lẹ ń ṣe yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé ẹ̀ṣẹ̀ kún tèmi ni? Ẹ dìde, jàre. Mi ò wá gba ojúùtà. Ojúùtà ti bọ́, mo mọ̀. Ohun tí mo wá gbà kò tóbi. Kí Morónkẹ́ jáde síbí, kó dúró níwájú mi, kó ní: "Mo tọ́ ọ wò, mo mọ̀, mo sì dákẹ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé orí mi ò yí, màá wọ mọ́tò padà sí Ìgàndó.

Kí lẹ wí?

Ẹ tún un sọ, mà. Ta ló ń gbààwẹ̀? Morónkẹ́? Òun náà ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ó sọ fún yín? Ó ní òun bá mi gbà á nítorí ọ̀rẹ́, òun ò sì fẹ́ kí n mọ̀ kí n má baà wá ẹlòmíràn, ó kàn ṣe bí ẹni tó lá a ni, ahọ́n rẹ̀ ò kàn án? Ẹ jẹ́ n jókòó. Ẹ fún mi ní àga yẹn.

Morónkẹ́ bá mi gbààwẹ̀.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí? Ó dijú lóòótọ́. Ó pẹ́ kó tó la ojú. Bóyá àdúrà ló ń gbà. Ó ṣáà jẹ́ òmùgọ̀ bíi tèmi nígbà náà, kò jẹ́ ìkà. Màmá, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wò ó, mo lè dárí fọ́ọ̀mù tó gbà jì í. Ebi ò mọ ọ̀rẹ́, onírẹsì gba àyè rẹ̀, ó ní ọmọ mẹ́rin...

Ẹ dúró ná.

Ẹ dúró ná o, Màmá. Lẹ́yìn òpó, nínú gbọ̀ngàn yẹn. Kí wọ́n tó tọ́ nọ́ńbà méje wò. Mo rí i! Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mi ò kàn kà á sí nǹkan kan ni! Ó ṣí kúlà, ó ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó mú iyọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó wọ́n ọn sí i, ó rò ó, ó tún lá a. Aago mẹ́wàá àárọ̀! Ààwẹ̀ wo ló máa ń ṣínu ní aago mẹ́wàá? Ó gbààwẹ̀ nídìí ìkòkò tèmi, ó ṣínu nídìí ìkòkò tirẹ̀! Ẹ sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ wí nǹkan kan. Ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ fún mi pé mi ò rí ohun tí mo rí.

Ibo lẹ ń lọ? Ẹ ń fi mí sílẹ̀ lọ? Ó dáa. Ẹ lọ bá a lẹ́yìnkùlé, ẹ lọ pa á mọ́. Ìyá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bí ọmọ.

Ẹ ti padà dé? Kí nìyí lọ́wọ́ yín? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi, mà. Mi ò jẹun nílé yìí mọ́. Ẹ̀gúsí! Ẹ̀gúsí lẹ gbé fún mi? Kí lẹ ní ó wí? Ó ní òun ló ní kí ẹ gbé e wá? Ọ̀la ló ń bẹ̀rẹ̀ ní kàǹtínì, ìkòkò àkọ́kọ́ nìyí, ó ti da ọ̀kan nù láàárọ̀, ẹ̀rù ń bà á, ahọ́n rẹ̀ ò dá a lójú mọ́, kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun tọ́ ọ wò?

Háà-hà! Háà-hà-hà! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, Màmá, ẹ má dá mi dúró! Sátidé yẹn wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín tèmi! Èmi! Kí n bá a tọ́ ọ wò! Kí ló dé tí kò jáde fúnra rẹ̀? Ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, mò ń rí etí aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé e wá. Ẹ gbé e wá, mo ní, mi ò gbààwẹ̀ lónìí.

Hùn.

Ó dì dáadáa. Ó ṣù ú bí ìyá mi ṣe ń ṣù ú. Ata rẹ̀ jinná, irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ọmọ burúkú yìí mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ má béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, Màmá, mò ń ronú. Ẹ jẹ́ n ronú. Bí mo bá ní ó ti dáa, ó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Yésúfù máa gé òkèlè àkọ́kọ́ lọ́la, á ti àwo sẹ́yìn, á sọ fún ẹlòmíràn, kó tó di Ẹtì kò ní sẹ́ni tó máa dúró lójúùtà yẹn. Mo lè sọ ọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ó ti dáa, Morónkẹ́, má fọwọ́ kàn án mọ́. Ta ló máa mú mi? Ta ló máa dá mi lẹ́bi?

Mi ò lè sọ ọ́. Ọlọ́run bá mi wò ó, mi ò lè sọ ọ́. Ẹnu mi kọ̀.

Morónkẹ́! Iyọ̀ ò tó! Ṣó o gbọ́? Iyọ̀ ẹ̀ ò tó! Ẹ gbọ́ bó ṣe rọrùn tó, Màmá? Kò pa mí, kò dùn mí lẹ́nu, eyín kankan ò ká. Iyọ̀ ò tó! Tó o bá fẹ́, kó o fi sí i, tó ò bá sì fẹ́, kó o gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ti sọ tèmi.